Èèwọ̀ Ojúlarí

Ó ti rẹ̀ mí, kí n má purọ́. Láti ìgbà tí ọmọbìnrin mi ti gbé ajá rẹ̀ wá bá mi n'Ìbàdàn pé kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ títí òun yóò fi ti ìrìn àjò dé, oorun ti di ọ̀wọ́n lójú mi. Ajá náà ń họ ara. Yóò họ etí, yóò họ ikùn, yóò máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá ilẹ̀ gbà-gbà-gbà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún un. Dókítà ẹranko tí mo gbé e lọ bá ní oúnjẹ ló ń bá a jà, pé kí n lọ wá èyí tí kò ní adìẹ, tí kò ní àlìkámà, tí kò ní mílíìkì nínú. Bí mo ṣe bá ara mi nínú ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, èmi arúgbó, àpò oúnjẹ ajá lọ́tùn-ún, àpò oúnjẹ ajá lósì, awò lójú, mò ń ka lẹ́tà wínníwínní tí wọ́n kọ sẹ́yìn wọn. Orúnkún ń ro mí. Ọmọ mi pè lórí fóònù, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti rí i?" Mo ní, "Mi ò tíì rí nǹkan kan o. Ìwọ tó o gbé ajá fún mi, o ò sọ èèwọ̀ rẹ̀." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọ̀rọ̀ Màmá ni, ìyá bàbá mi, ó sì ti wà lẹ́nu mi láti ọdún kan nígbà èwe mi tí mi ò gbàgbé.

Ìkìrun la wà lọ́dún náà, nínú ilé bàbá àgbà. Bàbá àgbà ti kú, àmọ́ àwọn ìyàwó wọn méjèèjì ṣì wà. Màmá ni ìyálé. Apá ọ̀tún ilé ni tiwọn, ibẹ̀ náà ni bàbá mi àti ìyá mi àti èmi ń gbé. Ìyá Kékeré, ìyàwó kejì, ń dá gbé lápá òsì. Kànga ló wà láàárín, àti igi ọsàn kan tí kò so rí. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ohùn tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni ti Màmá tí wọ́n ń ka Sáàmù, tí wọ́n ń kà á sókè bí ẹni pé etí Ọlọ́run ti ń di díẹ̀díẹ̀. Rédíò bàbá mi ló tẹ̀ lé e, tó máa ń hó ṣáá kó tó sọ̀rọ̀, tí bàbá mi á máa gbá a lẹ́yìn bí ọmọ tí oúnjẹ há lọ́nà ọ̀fun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni sálúbàtà ìyá mi, pà, pà, pà, tí wọ́n ń sáré lọ wá mọ́tò Ìnísà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe tíṣà. Láti apá òsì, ohun kan ṣoṣo la máa ń gbọ́: Ìyá Kékeré tí wọ́n ń pe àwọn adìẹ wọn pé kí wọ́n wá jẹun. Ìyá Kékeré kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń bá adìẹ sọ̀rọ̀. Ta ni wọ́n tilẹ̀ fẹ́ bá sọ ọ́?

Màmá kì í bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àbíkẹ́yìn Màmá ń bẹ láyé, ẹ̀yìn Ìyá Kékeré ló máa ń wà láàárọ̀ lálẹ́, torí pé Ìyá Kékeré kò bímọ tiwọn. Ọmọ náà ṣàìsàn, ó kú. Wòlíì kan tó ń kọjá lọ, tó kàn yà sí ìjọ wa, wá ríran sí Màmá pé ọwọ́ ilé ni, pé inú oúnjẹ ló gbà wọlé. Wòlíì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lọ. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ Ìyá Kékeré jáde kò wọ ẹnu Màmá mọ́, omi lásán gan-an kò wọ̀ ọ́. Àwa náà, wọ́n fòfin dè wá. Bí Ìyá Kékeré bá fún wa ní gúgúrú, ká fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ká kúnlẹ̀, ká dúpẹ́, ká wá lọ dà á nù lẹ́yìn ilé. Mo máa ń rántí gúgúrú yẹn, ó sì máa ń dùn mí. Àgbàlagbà méjì nínú ilé kan, lẹ́bàá kànga kan, tí ọ̀kan á dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú korobá kí èkejì fa omi tirẹ̀ tán kó kúrò ńbẹ̀ ná. Bí ẹ bá gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ ó mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń rẹ ènìyàn ju ariwo lọ.

Inú ọ̀rọ̀ yìí ni orúkọ ajá ti wá. Bàbá kan ní Òkukù, tó ti bá rélùwéè ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, tí òun àti Màmá jọ mọra ní ìjọ, ló fún Màmá ní ajá náà nígbà tó ṣì kéré, pupa rúsúrúsú, ìrù rẹ̀ kò gùn tó ìka ọwọ́. Màmá sọ ọ́ ní Ojúlarí. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ìyókù: ojú là rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Ajá náà lè wà lẹ́sẹ̀ Màmá gan-an, wọ́n á tún na ọrùn sí apá òsì, wọ́n á ké, "Ojúlarí! Ojúlarí o!" Bí wọ́n ṣe ń fi ajá bú ènìyàn nílẹ̀ wa nìyẹn, bí o bá dáhùn pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní ṣé ìwọ lajá ni. Ìyá Kékeré kò dáhùn rí. Ajá tí wọ́n fi ń bú wọn náà kò sì mọ̀ pé ìjà wà nílẹ̀. Àárọ̀ tí Màmá bá ti dijú mọ́ Sáàmù, ajá á ti rọra kọjá kànga lọ sùn sídìí eérú Ìyá Kékeré. A rò pé ìgbóná ló ń wá lọ. Gbogbo wa la rí i níbẹ̀, kò sí ẹni tó béèrè nǹkan kan.

Nílé wa, oúnjẹ ajá kì í ṣe ohun tí à ń rò. Màmá ní ẹni tó bá jẹun tí kò ju òkèlè ìkẹyìn fún ajá, ahun ni, ajá á sì fẹjọ́ rẹ̀ sùn lọ́run. Torí náà gbogbo ènìyàn ló ń ju òkèlè. Iyán bàbá mi, ẹ̀kọ ìyá mi, ẹ̀wà tèmi tí mo bá ti yó, egungun ẹja, èépá ìdí ìkòkò, gbogbo rẹ̀, Ojúlarí á fò ó hán kó tó kanlẹ̀. Kò pẹ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Àfi bí eré. Nígbà tó yá, irun ikùn rẹ̀ re, awọ ara rẹ̀ pọ́n, etí rẹ̀ ń rùn bí ògì tó ti kan jù, inú rẹ̀ sì ń ṣí káàkiri ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi á ti Ìnísà dé pẹ̀lú ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́ àti ariwo ọmọ ọlọ́mọ lórí, omi àti ìgbálẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé. Wọ́n á kàn mí kanlẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo mọ irú ìmí yẹn dáadáa báyìí, èmi náà ti di olówó rẹ̀.

Bàbá mi ni wọ́n sọ ọ́ jáde. Ìkórè ìjọ ń bọ̀, ilé wa sì ni àwọn àlejò láti òkèèrè máa ń dé sí. Wọ́n ní, "Màmá, ajá yìí ti ń rùn. Mi ò lè kó àlejò Ọlọ́run wọ inú òórùn. Bí ara rẹ̀ ò bá yá kó tó di Ìkórè, màá jẹ́ kí àwọn tó ń ra ajá mú un lọ." Gbogbo wa la mọ ibi tí ajá tí wọ́n bá rà ń lọ. Ìkòkò ni. Mo fi igbe ta. Màmá kò ké ní tiwọn. Wọ́n ń fi ọṣẹ dúdú wẹ ajá náà lọ́wọ́, wọn ò sì gbójú sókè. Wọ́n ní, "Bí wọ́n bá dé, kí wọ́n mú èmi náà mọ́ ọn. Àwa méjèèjì la ti gbó." Bàbá mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, kò tó bẹ́ẹ̀," wọ́n wá lọ gbá rédíò wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò yí ọ̀rọ̀ wọn padà.

Ìyá mi ló lọ bẹ dókítà ẹran tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ bàtà òjò, tó jẹ́ pé màlúù ni iṣẹ́ rẹ̀ mọ lójoojúmọ́. Ó wo etí ajá, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fún wa ní oògùn etí. Ó wá béèrè pé, "Màmá, kí ló ń jẹ?" Màmá ní, "Ohun tí à ń jẹ ni." Ó mi orí. Ó ní, "Ohun kan wà nínú oúnjẹ yẹn tí ara rẹ̀ kò gbà. Ẹ dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹ mú ẹyọ kan, òun nìkan ni kẹ́ ẹ máa fún un fún bí oṣù kan ó lé. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ẹ máa wá dá ìyókù padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dá ara híhọ padà, òun náà nìyẹn."

"Èèwọ̀ lẹ̀ ń sọ," ni Màmá wí.

"Ẹ̀n, Màmá?"

"Ẹ ní ajá mi jẹ èèwọ̀. Ẹ wá ní kó gbààwẹ̀."

Dókítà wo ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀, Màmá. Kó ṣáà ti gba ààwẹ̀ náà dójú àmì."

Ààwẹ̀! Ìyẹn la mọ̀ ní tiwa. Àwa Aládùúrà, bí ènìyàn bá ṣàìsàn, ààwẹ̀. Bí ẹlẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ṣèdánwò, ààwẹ̀. Kí ló wá dé tí ajá ò ní í gbà á? Lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, Màmá dìde láàárín wa, wọ́n ní, "Ojúlarí ti wọ ààwẹ̀. Iṣu bíbọ̀ lásán, kò gbọdọ̀ sí iyọ̀, kò gbọdọ̀ sí epo. Ẹni tó bá ju òkèlè fún un, òun àti Ọlọ́run ni." Wọ́n á bọ iṣu náà, wọ́n á wọ́n omi àdúrà lé e, wọ́n á ka Sáàmù kúkúrú lé e lórí, wọ́n á tó gbé e sílẹ̀. Oúnjẹ wá di wàhálà fún àwa tó kù. Ọwọ́ wa ti mọ́ òkèlè jíjù lára. Bàbá mi, ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n, òṣìṣẹ́ ìjọba, gbàgbé lọ́jọ́ kan, iyán ti fẹ́ kúrò lọ́wọ́ wọn, Màmá gbá wọn lọ́wọ́ pá! Bàbá mi ní, "Màmá!" Màmá ní, "Ìwọ ni Màmá." Ẹ̀rín pa ìyá mi débi tí omi fi sá wọn lọ́fun. Ẹ̀rín tí mo lè rántí pé a rín nílé lásìkò yẹn ò pọ̀, ọ̀kan nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ajá kò yé họ ara. Gbà-gbà-gbà, láti òwúrọ̀. Màmá ní, "Iṣu ni, mo ti mọ̀," wọ́n fi iṣu lé èèwọ̀, wọ́n gbé ẹ̀kọ wá. Ẹ̀kọ náà kò ṣe é lóore. "Àgbàdo ni." Wọ́n fi àgbàdo lé èèwọ̀. A bọ́ sórí ẹ̀wà, a dá ẹ̀wà lẹ́bi. A bọ́ sórí ìrẹsì, ìrẹsì kan sì ṣọ̀wọ́n nílé wa nígbà náà, bàbá mi wò ó bí wọ́n ṣe ń bù ú fún ajá, wọ́n dìde kúrò níbẹ̀. Ìrẹsì náà jẹ̀bi. Kò tiẹ̀ wá sí èyí tó lo oṣù kan tí dókítà sọ tán mọ́. Ìbẹ̀rù Ìkórè ń lé wa. A fi èèwọ̀ kún èèwọ̀ fún un títí oúnjẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé, ajá wá rù, o lè ka egungun ìhà rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Mo máa ń jókòó tì í, mo máa ń bá a họ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dé, á gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, á dijú. Ó rẹ òun náà. Gbogbo wa pátá ló rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo dúró sí n'Ìbàdàn, tí mò ń gbé àpò kan sílẹ̀ tí mò ń gbé òmíràn, àárẹ̀ yẹn gan-an ló padà wá bá mi, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó.

Ìgbà tó kù díẹ̀ kí Ìkórè dé ni Màmá jókòó lórí àpótí, tí wọ́n pe orúkọ oríkì mi. Wọ́n ní, "Àjọkẹ́, a ti ṣìnà. Èèwọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wá nínú ìkòkò. Ìdílé ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀. Ilé wa yìí kì í jẹ òkété, àbí o ti jẹ ẹ́ wò rí? Wọ́n bí wa bá a ni. Ajá yìí kì í ṣe ọmọ ilé yìí. Wá, ká lọ béèrè níbi tí wọ́n ti bí i." Ìyá mi ti lọ síbi iṣẹ́, bàbá mi ti lọ, kò sí ẹni tó máa sọ fún wọn pé ajá kì í ní ìdílé. Ká tiẹ̀ ní ẹnì kan sọ ọ́, wọn ò ní gbọ́. A wọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Ìkìrun, wọ́n kó wa mọ́ra pẹ̀lú iṣu àti àpò gàrí. A kọjá Ìnísà, a dé Òkukù, ìbàdí Màmá ti kú lórí ìjókòó, èmi ni mo fà wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá rélùwéè jókòó níwájú ilé wọn, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sára. Wọ́n fún wa lómi. Màmá mu ún, wọ́n ní, "Ajá tẹ́ ẹ fún mi ń kú lọ, bàbá. Mo wá béèrè èèwọ̀ rẹ̀ ni." Mo wo ojú bàbá náà, mo rò pé wọ́n máa fi wá rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ṣé ó ń họ ara? Ṣé irun rẹ̀ ń re?" Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹyin ni," ni bàbá wí. "Ẹyin adìẹ. Bí ìyá rẹ̀ náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Bó bá ti jí ẹyin jẹ lábẹ́ adìẹ báyìí, á máa họ ara títí tó fi máa bó. Ìgbà tí a so ó mọ́lẹ̀ tí kò rí ẹyin mọ́, ara rẹ̀ jọ̀lọ̀. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín. Mi ò mọ̀ pé ọmọ máa jogún ẹ̀."

Màmá pàtẹ́wọ́. "Ẹyin kẹ̀? Ta ló ń fún ajá ní ẹyin? Ọmọ ènìyàn ò rí i jẹ!" Òótọ́ ni. Wọn kì í fún ọmọdé ní ẹyin nílé wa. Wọ́n ní á sọ ọmọ di olè. Ìgbà tí a ń ka oúnjẹ tí a dá lẹ́bi, kò sí ẹni tó ka ẹyin, torí kò sí ẹni tó ń jẹ ẹ́ lápá ọ̀dọ̀ wa. Ẹnu Màmá ṣì wà ní yíyà nígbà tí mo rí i tí ojú wọn yí padà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sin adìẹ nínú agbo ilé wa.

A wọ bọ́ọ̀sì padà. Nígbà tí a dé Ìnísà, wọ́n ní kí dírẹ́bà já wa sílẹ̀, a yà lọ sí ilé ìwé ìyá mi. Àwọn ọmọ ti jáde, ìyá mi nìkan ló jókòó lábẹ́ igi, bàtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Màmá kò jókòó. Wọ́n ní, "Ó ti tún ṣe é. Ẹyin ló ń fún un. Ó pa àbíkẹ́yìn mi, n kò rí i mú. Ó tún fẹ́ pa ajá tó kù fún mi." Wọ́n ní bí àwọn bá délé, gbogbo Ìkìrun ló máa gbọ́, pé ìjọ máa gbọ́, pé àjẹ́ ni wọ́n ti ń bá gbélé láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ìyá arúgbó tí wọ́n bá ti pe orúkọ yẹn mọ́, pàápàá èyí tí kò lọ́mọ tó máa gbèjà rẹ̀.

Ìyá mi kì í já Màmá nírọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé wọn wọlé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá" ni. Lọ́jọ́ náà, wọ́n jókòó síbi tí wọ́n wà, wọ́n ń nu ẹfun kúrò lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ta ló sọ fún Ìyá Kékeré pé ajá wà nínú ààwẹ̀?"

Màmá ní, "Kí lo wí?"

"Ẹ sọ fún èmi. Ẹ sọ fún ọmọ yín. Ẹ sọ fún ọmọdé yìí. Ta ló sọ fún àwọn? Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yín, ọ̀rọ̀ kan ò kọjá kànga rí. Kí ni wọ́n fẹ́ fi mọ̀?" Ìyá mi wọ bàtà wọn lẹ́yọ lẹ́yọ. "Ó ti rẹ̀ mí, Màmá. Mo fọ ìgbọ̀nsẹ̀ ajá yìí títí, n ò ráhùn. Ti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ló rẹ̀ mí."

Òòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a délé. Màmá kò yà sí yàrá, wọn ò bọ́ gèlè. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kànga kọjá. Mo tẹ̀ lé wọn. Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ wọn wà láyà. Ìyá Kékeré ń ṣa òkúta nínú ọkà bàbà adìẹ wọn. Ìgbà tí wọ́n rí ẹni tó ń bọ̀, ọkà dà sílẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ìyálé mi."

"Ṣé ò ń fún ajá ní ẹyin?"

"Mò ń fún un, mà. Láràárọ̀. Èyí tó bá ti sán, tí n ò lè tà, ni mo máa ń sè fún un."

"Kí ló dé?"

Ìyá Kékeré wo Màmá bí ẹni pé ìbéèrè náà ò yé wọn. "Ó máa ń wá sọ́dọ̀ mi ni. Kò sí ẹlòmíì tó ń ti ọ̀dọ̀ yín wá."

Màmá ní, "Ṣé o mọ orúkọ tí mo sọ ọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ ni èmi máa ń pè é."

Mo rántí pé àwọn adìẹ ti kó ara wọn jọ, wọ́n ń ṣa ọkà tó dà sílẹ̀ jẹ lábẹ́ orúnkún wọn. Màmá ní, "Ẹyin yẹn lèèwọ̀ rẹ̀. Òun ló sọ ọ́ dà báyìí." Ìyá Kékeré ká ọwọ́ lérí. Wọ́n ní, "Yéè! Mo gbé! Mo rí i pé ó ń rù, mo tún ń fi kún un! Mo ní bóyá ebi ni, bóyá ẹ̀yin ò rójú tiẹ̀! Ọwọ́ mi náà ni. Ẹ ó tún ní ọwọ́ mi náà ni." Wọ́n ń sunkún bí ọmọdé, gbangba, pẹ̀lú ikun. Mi ò rí àgbàlagbà tó sunkún bẹ́ẹ̀ rí. Mo dúró de Màmá pé kí wọ́n figbe ta, kí agbo ilé pé lé wa lórí. Màmá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n fa àpótí Ìyá Kékeré sábẹ́ ara wọn, wọ́n jókòó. Ẹsẹ̀ ló ń ro wọ́n, àbí kí ni mo fẹ́ ní ó jẹ́. Wọ́n wo ilẹ̀ títí. Wọ́n ní, "O ò mọ̀." Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n tún un sọ, ohùn wọn lọ sílẹ̀: "O ò mọ̀." Mo ti dàgbà báyìí ju ọjọ́ orí tí ìyá mi wà nígbà náà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ti ajá nìkan ni Màmá ń sọ nígbà kejì yẹn. Ọmọ ni wọ́n ń sọ. Ọmọ tí kò sí ẹni tó mọ ohun tó pa á, títí dòní.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Kékeré ni wọ́n ti ń se iṣu ajá láti ìgbà náà. Màmá ló ní kí wọ́n máa sè é níbẹ̀, wọ́n ní, "Ṣebí ọ̀dọ̀ rẹ ló kúkú ń gbé." Ara híhọ náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó fi máa di Ìkórè, irun wínníwínní ti ń hù níkùn rẹ̀, etí rẹ̀ ti yé rùn. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n ní "Hẹ̀n," wọn ò sì mẹ́nu ba àwọn tó ń ra ajá mọ́. Àlejò ìjọ kan gbé ẹsẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó rò pé tìmùtìmù ni. Nígbà tó yá, ẹ̀kọ padà, ẹ̀wà padà, ẹja padà, gbogbo ohun tí a ti dá lẹ́bi ló jàre. Ìdí nìyí tí mo fi gbé gbogbo àpò oúnjẹ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, tí mo pe ọmọ mi padà. Mi ò bi í ní ohun tí ajá ń jẹ. Mo ní, "Ta ló tún ń fún un lóúnjẹ nílé yín?" Ó ní òun ò mọ̀, pé òun máa béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé. Mo ní, "Béèrè. Màá jókòó síbí dè ọ́."

Ọjọ́ kejì Ìkórè, láàárọ̀, Ìyá Kékeré pè mí. Ẹyin kan tí wọ́n ti bọ̀ wà lórí àwo tánganran, ó ṣì ń rú èéfín. Wọ́n ní, "Gbé e fún Màmá rẹ. Sọ fún wọn pé ajá ò lè jẹ ẹ́ mọ́, mi ò sì fẹ́ kó ṣòfò." Wọn ò wo ojú mi. Mo gbé e, mo ń lọ, mo dé ẹ̀bá kànga, mo rántí gúgúrú. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ yà sẹ́yìn ilé fúnra rẹ̀. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Màmá, mo kúnlẹ̀, mo jíṣẹ́. Bàbá mi yí rédíò sílẹ̀. Ìyá mi dúró pẹ̀lú sálúbàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́.

Màmá pa Bíbélì dé. Wọ́n mú ẹyin náà, wọ́n yí i sókè, wọ́n yí i sísàlẹ̀. Wọ́n kàn án mọ́ etí àwo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ajá ti dé, ó jókòó síwájú wọn, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tì í, wọ́n ní, "Kúrò ńbẹ̀, èèwọ̀ rẹ ni." Wọ́n gé ẹyin náà jẹ. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọn ò ṣẹ́ òkèlè ìkẹyìn kù fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n mu omi, wọ́n nu ẹnu, wọ́n gbé àwo lé mi lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Lọ sọ fún un pé kò níyọ̀."

Mo sáré kọjá kànga, mo lọ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí. Ìyá Kékeré gba àwo lọ́wọ́ mi, wọ́n wo inú rẹ̀ pẹ́, èèpo ẹyin nìkan ló wà níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹyin tún dé, iyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú bébà.